1.6 àti 2.4: àkọsílẹ̀ láptọ́ọ̀pù méjì tí mo wọ̀n ní Kàbà

Ọjọ́bọ̀

Ìjà ni wọ́n gbé wọ ṣọ́ọ̀bù mi, láptọ́ọ̀pù ni wọ́n fi ṣe àwáwí. Tíṣà ló kọ́kọ́ wọlé, wọ́n fi tiwọn há abíyá. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n wọn tẹ̀ lé wọn, ó gbá tirẹ̀ mọ́ra bí ọmọ tuntun.

"Okun o, Tíṣà. Ẹ kú ọ̀sán, sà."

Tíṣà kò tíì jókòó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n, bá wa dá a. 2.4 GHz ni wọ́n kọ sí tèmi. 1.6 ni wọ́n kọ sí ti ọmọ yìí. Owó tó sì kó lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì owó tèmi. Ṣé wọn kò ti lù ú ní jìbìtì báyìí?"

Ọmọ náà ń kàwé ní Lọ́kọ́ja, fídíò gígé ló sì fi ń rí owó oúnjẹ: òkú àgbà, ìgbéyàwó, ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹni tó tà á fún mi ní ìran kẹjọ ni, pé ó ju ti Bàbá lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n látọjọ́ tí mo ti rà á ló ti ń wọ́ nílẹ̀. Fídíò ogún ìṣẹ́jú, mo lè se ìrẹsì kí n jẹ ẹ́ kí n fọ ìkòkò kó tó parí."

Tòkunbọ̀ ni méjèèjì. Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe àpótí wọn, ojú wọn jọra bí ìbejì, ẹnu ṣájà wọn pàápàá bára mu. Prósẹ́sọ̀ Intel inú wọn, ọpọlọ tó ń ṣe ìṣirò, ló yàtọ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ mi báyìí (core ni òṣìṣẹ́ inú prósẹ́sọ̀, thread ni iye iṣẹ́ tó lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà, cache ni ìrántí kékeré inú rẹ̀, wáàtì ni iná tí wọ́n bù fún un):

Ti Tíṣà: i5-6300U, ìran kẹfà, jáde ní 2015. Core 2, thread 4. Ìpìlẹ̀ 2.4 GHz, eré 3.0 GHz. Cache 3 MB. Wáàtì 15.

Ti ọmọ: i5-8250U, ìran kẹjọ, jáde ní 2017. Core 4, thread 8. Ìpìlẹ̀ 1.6 GHz, eré 3.4 GHz. Cache 6 MB. Wáàtì 15.

Ìbéèrè Tíṣà kì í ṣe ti òpè. Ẹni tó bá ka nọ́ńbà yẹn bó ṣe wà, 2.4 ju 1.6 lọ, ìṣirò aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ ni. Àmọ́ GHz kì í ṣe òṣùwọ̀n iṣẹ́. Iye ìgbà tí aago prósẹ́sọ̀ ń lù ni, bílíọ̀nù mélòó ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo fi iyán ṣàlàyé, nítorí níbi tí a wà yìí, kò sẹ́ni tí iyán kò yé. Mo ní, "Tíṣà, ọmọ odó méjì, ìyẹn core méjì, ló ń gún iyán nínú ẹ̀rọ tiyín. Mẹ́rin ló wà nínú ti ọmọ yìí. Oúnjẹ tí wọ́n ń fún àwọn agúnyán méjì àti àwọn mẹ́rin kò yàtọ̀: wáàtì 15. Ẹni méjì tó bá pín oúnjẹ yẹn lè máa sọ ọmọ odó kalẹ̀ ní 2.4 láti àárọ̀ dalẹ́, kó má rẹ̀ wọ́n. Ẹni mẹ́rin tó bá pín in, 1.6 ni wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Nọ́ńbà kejì, 3.0 àti 3.4, ibi tí wọ́n lè sáré dé nìyẹn nígbà tí àyè bá gbà wọ́n."

Tíṣà dákẹ́, wọ́n wo òkè. Wọ́n ní: "Ọmọ odó mẹ́rin nínú odó kan. Ṣé wọn kò ní máa gbá ara wọn lórí?"

Ìbéèrè tó dára jù tí mo gbọ́ lọ́sẹ̀ náà nìyẹn. Mo sọ fún wọn pé a ó dé ibẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo gbè sẹ́yìn ẹnì kan, mo mú SSD (ibi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú fáìlì sí) kan ṣoṣo, mo fi Windows 10 tuntun sínú rẹ̀, òun ni mo ń yọ láti inú ẹ̀rọ kan sí ìkejì. RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́) pẹ̀lú, DDR4 oní-4 GB méjì, kan náà fún méjèèjì, torí 8 GB kan ṣoṣo ni wọ́n fi sí ti ọmọ, ọ̀nà kan ló sì ń gbà kó ẹrù dípò méjì. Fídíò ìdánwò: ìsìnkú ìyá àgbà kan tí mo ti gé tẹ́lẹ̀, ogún ìṣẹ́jú, 1080p. HandBrake, ètò tó ń yí fídíò sí oríṣi mìíràn, ni mo fi ń yí i padà, lórí ètò Fast 1080p30 tó wà nínú rẹ̀, èyí tó ń fi x264 ṣe é. Ẹni tó mọ HandBrake á ní kí ló dé tí n kò lo Quick Sync, ọ̀nà àbùjá Intel fún fídíò. Ó wà nínú Intel méjèèjì, á sì yá ju báyìí lọ, àmọ́ apá tó ń ya àwòrán ni ìyẹn ń lò. Àwọn core la fẹ́ wò, àwọn ni kó làágùn.

Ti Tíṣà: ìṣẹ́jú 21 àti àáyá 40.

Ti ọmọ: ìṣẹ́jú 36.

Tíṣà fọwọ́ lu tábìlì títí ife omi mi fi dà nù. Ọmọ náà kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń wo ojú ẹ̀rọ bí ẹni tí ń wo èsì ìdánwò JAMB. Mo ní kí wọ́n fi méjèèjì sílẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì

Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n jókòó ti HWiNFO, ètò tó ń fi ooru àti aago prósẹ́sọ̀ hàn, kí n ka ohun tó ń sọ. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbé ẹ̀rọ ọmọ dojú dé, mo bẹ̀rẹ̀ sí tú sìkúrù. Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù tó ń wọ́ tí wọ́n ń gbé wá bá mi, eruku àti pésìtì gbígbẹ ló ń ṣe wọ́n, nítorí náà mo ti dá ẹjọ́ kí n tó gbọ́ ẹ̀rí.

Lóòótọ́, mo bá nǹkan níbẹ̀. Ọyẹ́ ọdún yìí fi eruku pupa dí ojú fáànù, ó dì bí aṣọ. Pésìtì tó yẹ kó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti irin bàbà tó ń fa ooru rẹ̀ ti gbẹ, ó ń ṣí bí èépá. Mo nù ún. Ojúlówó pésìtì ti tán nílé, mo wá fi gírísì funfun tí àwọn atúnrédíò ń lò sí i, mo ní kí ó ṣì fi ìyẹn mu omi ná. Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ọ̀gá, ìyẹn á tó bí?" Mo ní kó gbá ilẹ̀.

Mo dé e padà, mo tún fídíò yẹn gbé sí i. Ìṣẹ́jú 35 àti àáyá 50.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ mi, àáyá mẹ́wàá ni mo rí gbà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Láàárọ̀ ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe. Mo ṣí HWiNFO sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ HandBrake, mo kàn ń wò ó. Nǹkan méjì ló ta sí mi lójú. Àkọ́kọ́, ooru prósẹ́sọ̀: dígírì 54. Prósẹ́sọ̀ méjèèjì yìí, 100 ni ibi tí Intel ti fi ààlà sí. Èyí tí ooru bá ń dá lọ́wọ́ kọ́ á sún mọ́ 100, kò ní tutù bí omi àmù. Ìkejì, aago àwọn core: 0.8 GHz, gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò gòkè, kò sọ̀. Kódà 1.6 tí Intel fọwọ́ sọ̀yà fún, kò dé ibẹ̀.

Ẹ̀rọ tó lọ́ra tó sì gbóná, ooru ń bá a jà. Ẹ̀rọ tó lọ́ra tó sì tutù, ẹnì kan ló di í lọ́wọ́ mú. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, ó sì yẹ kí n ti rántí.

Mo ṣí ThrottleStop, ibi tó ń fi ìdí ìdíwọ́ hàn. BD PROCHOT pupa fòò. Ní kúkúrú: wáyà kan wà láàárín pátákó ẹ̀rọ àti prósẹ́sọ̀. Prósẹ́sọ̀ lè fi í kígbe pé ara òun ti gbóná jù, àmọ́ pátákó náà lè fi í pàṣẹ fún prósẹ́sọ̀ pé kó gbẹ́sẹ̀ jẹ́ẹ́. Èyí tó ń tàn yìí, láti ọ̀dọ̀ pátákó ló ti wá. Kí ló wá ń ba pátákó lẹ́rù?

Ṣájà ni. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan wà láàárín ẹnu irú ṣájà yìí. Kì í ṣe òun ló ń gbé iná. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó sọ fún láptọ́ọ̀pù pé wáàtì báyìí báyìí ni mo lè gbé. Bí abẹ́rẹ́ yẹn bá ṣẹ́, tàbí kó jẹ́ ṣájà ayédèrú tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà sọ, iná á ṣì máa wọlé, bátìrì lè ṣì máa kún díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù kò mọ bí agbára ṣájà ṣe tó, ló bá di prósẹ́sọ̀ mú kí nǹkan má baà jóná. Mo fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu ṣájà ọmọ yìí. Abẹ́rẹ́ náà ti tẹ̀ wọ inú, ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹni tó tà á fún un ló fún un ní ṣájà yẹn mọ́ ọn. N kò mọ̀ bóyá ẹni náà mọ̀.

Mo yọ ọ́, mo ki ṣájà Tíṣà bọ̀ ọ́, wáàtì 65, ojúlówó. Lójú ẹsẹ̀, 0.8 fò sókè di 3.2.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń lọ sínú ThrottleStop, wọ́n á pa BD PROCHOT, wọ́n á sì máa lo ṣájà burúkú yẹn lọ. Mi ò ní ṣe é nínú ẹ̀rọ oníbàárà. Ẹni tó ń pariwo pé iná ń bọ̀, èèyàn kì í fi aṣọ dí i lẹ́nu.

Mo rò pé iṣẹ́ ti parí. Mo gbé fídíò sí i. Nígbà tó máa fi di ìṣẹ́jú kẹta, fáànù ń hu bí ìjì, ooru wọ 98, ó wọ 99, aago wá ń já bọ́: 2.2, 1.9, 1.7. Ìṣẹ́jú 17 ló fi parí. Ó ti gba iwájú Tíṣà báyìí, àmọ́ ìyà ló fi ń sáré. Gírísì funfun tí mo fi ń mu omi ná ti ní kí n wá san gbèsè. Nígbà tí ṣájà ń di prósẹ́sọ̀ lọ́wọ́ mú, kò sí ooru tí gírísì máa fà, àṣìṣe mi wá fara pa mọ́ sábẹ́ àṣìṣe ṣájà. Ọmọ iṣẹ́ mi kò sọ nǹkan kan. Ó kàn mú ìgbálẹ̀.

Mo ránṣẹ́ sí Lọ́kọ́ja fún pésìtì gidi àti ṣájà.

Ọjọ́ Ajé

Iná kò sí. Pésìtì kò dé. Mo bá ẹnì kan lẹ ẹnu ṣájà fóònù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Dírẹ́fà gbé ẹrù dé láago mẹ́wàá. Mo kọ bí mo ṣe ṣe é sílẹ̀ níbí fún ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú, torí ọ̀pọ̀ ló ń ba ẹ̀rọ jẹ́ níbi iṣẹ́ kékeré yìí.

Wáyà bátìrì ni mo kọ́kọ́ yọ kúrò lára pátákó, kí n tó fi irin kankan kan ibòmíràn. Lẹ́yìn náà ni mo tú sìkúrù irin ìfa-ooru. Wọ́n kọ nọ́ńbà 1 sí 4 sára irin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sìkúrù wọn. Bí a bá ń tú u, a ó lọ láti 4 wá sí 1, díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà dùn ún ní apá kan. Lábẹ́ irin, ohun méjì tó ń dán ni èèyàn máa rí lórí pátákó kékeré kan náà, ńlá àti kékeré. Ńlá ni prósẹ́sọ̀. Kékeré jẹ́ alábòójútó USB, SSD àti irú wọn. Irin kò kàn án nínú ẹ̀rọ yìí, nítorí náà kò nílò pésìtì. Mo rẹ aṣọ rírọ̀ sínú sípírítì, mo nu gírísì ìtìjú mi kúrò títí ojú prósẹ́sọ̀ fi dà bí dígí.

Láptọ́ọ̀pù kò dà bíi kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Kò sí ìdérí irin lórí prósẹ́sọ̀ rẹ̀, ìhòòhò ló wà, nítorí náà pésìtì gbọ́dọ̀ bo gbogbo ojú rẹ̀ pátá, kó sì fẹ́lẹ́. Ìwọ̀n hóró ìrẹsì méjì ni mo lò, mo fi ike pẹlẹbẹ tẹ́ ẹ. Àwọn tó ń fún un bí ìpara, ooru ni wọ́n ń há mọ́lé. Fáànù, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìyàwòrán gbọn eruku rẹ̀, mo fi ìka di abẹ́bẹ̀ rẹ̀ mú nígbà tí mo ń fẹ́ ẹ, kó má baà máa yí.

Láago méjì ọ̀sán ni mo ṣe ìdánwò, mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é nígbà tí páànù òrùlé ń dá ooru lé wa lórí, nítorí ìgbà yẹn gan-an ni ọmọ náà ń ṣiṣẹ́. Ìṣẹ́jú 12 àti àáyá 35. Ooru dúró lórí 84. Aago dúró lórí 2.3 GHz, HWiNFO sì ń fi wáàtì 15 hàn gbọnrangandan.

Ohun kan wà nínú èyí tó yẹ ká dúró wò. Ní nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, aago wà lókè 3 GHz, wáàtì prósẹ́sọ̀ sì ju 30 lọ. Lẹ́yìn náà ló rọra sọ̀ kalẹ̀ sí 15. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Wọ́n gbà fún un kó jẹ àjẹjù fún ìgbà díẹ̀ kó lè ṣe iṣẹ́ kékeré kíákíá, kó tó padà sí oúnjẹ tí wọ́n bù fún un. Nítorí náà, ẹni tó bá fi ìdánwò àáyá mẹ́wàá wọn láptọ́ọ̀pù kò wọn nǹkan kan. Eré àgbàlá ló rí. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó gbà á gbọ́.

Kò ní dára kí n tún ti ẹnì kan ṣe kí n fi ti èkejì sílẹ̀. Mo tú ti Tíṣà náà, mo gbọn ọ́n, mo yí pésìtì rẹ̀ padà. Ìṣẹ́jú 21 àti àáyá 40 di 20 àti àáyá 50. Kò yí padà púpọ̀, kò sì yà mí lẹ́nu. Core méjì kì í gbóná bíi mẹ́rin, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe wà báyìí nìyí, ìlera kan náà, ṣájà gidi kan náà: 20:50 àti 12:35. 1.6 ló gba iwájú.

Mo ní mítà kékeré kan tí mo máa ń ki bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kí n tó ki ṣájà bọ̀ ọ́, ó ń ka iye iná tí nǹkan jẹ. Ìdí tí mo fi rà á kò ṣòro: ínfátà ni mo gbé sẹ́nu iṣẹ́, bí mo bá ṣìṣe ìṣirò, òkùnkùn ni mo máa bá oníbàárà jókòó sí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ fídíò dé òpin rẹ̀, ẹ̀rọ Tíṣà jẹ wáàtì-wákàtí 9.4. Ti ọmọ jẹ 6.1. Ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, ti ọmọ ló ń jẹ ju díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti sùn nígbà tí ti Tíṣà ṣì ń làágùn. Ní ìlú tí iná ọba ń wá bí àlejò, nọ́ńbà yìí wù mí ju GHz lọ. Fídíò mẹ́ta lórí ẹ̀rọ ọmọ kò jẹ tó méjì lórí ti Tíṣà.

Ọjọ́rú

Ìbéèrè ọmọ odó tó ń gbá ara wọn lórí.

Tíṣà wá fúnra wọn, wọ́n fẹ́ fojú rí i. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdánwò 7-Zip, èyí tó ń lo gbogbo thread: ti ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ìlọ́po méjì ti Tíṣà. Tíṣà mi orí. Lẹ́yìn náà mo ṣí Cinebench, ètò ìdánwò mìíràn, mo ní kó lo core kan ṣoṣo lára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ìyàtọ̀ já sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ó sì yẹ bẹ́ẹ̀: 3.4 àti 3.0 ni wọ́n ń sáré dé níbẹ̀, ọnà inú core ìran kẹfà àti ìran kẹjọ yìí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Kì í ṣe pé agúnyán kọ̀ọ̀kan lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni. Wọ́n kàn pọ̀ sí i.

Mo wá ní kí Tíṣà gbé iṣẹ́ tiwọn jáde. Excel ni, máàkì gbogbo kíláàsì fún sáà mẹ́ta, pẹ̀lú ipò ọmọ kọ̀ọ̀kan. A tẹ ìṣirò lórí ẹ̀rọ tiwọn, a tẹ ẹ́ lórí ti ọmọ. Àwa mẹ́ta la jókòó, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sí èyí tó yá jù. Ìwé títẹ̀ nínú Word, bẹ́ẹ̀ náà.

"Ẹ rí i, sà," mo ní. "Odó kékeré ni ti Excel yín. Ọmọ odó kan ṣoṣo ló gbà. Àwọn yòókù dúró, wọ́n ń wò. Fídíò ni odó ńlá, ó gba gbogbo wọn."

"Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé mi ò jẹ̀bi," ni Tíṣà wí. Mo gbà fún wọn. Fún iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, owó tí wọ́n san kò ṣòfò.

Ọmọ náà yọ fóònù rẹ̀, ó ní kí n dán fídíò kan wò, èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi kámẹ́rà tuntun yà ní HEVC oní-10-bit (ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń pa fídíò mọ́ra kó má tóbi jù). Lórí ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń ṣàn bí omi, àwọn core fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀. Lórí ti Tíṣà, ó ń ta gọ́ọ́-gọ́ọ́, fáànù ń ké. Ìdí rẹ̀ ni pé apá tó ń ya àwòrán nínú 8250U mọ èdè yẹn kà fúnra rẹ̀. Ti 6300U mọ oní-8-bit, kò mọ oní-10-bit, nítorí náà core méjì yẹn ló ń fi ọwọ́ ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ń gé fídíò láyé ìsinsìnyí á ka ìyẹn sí ju bí mo ṣe kà á lọ.

Nígbà tí a wà lẹ́nu èyí ni oníbàárà kan wọlé, ó gbọ́ wa, ó ní i7 ni tòun, kí ni àwa ń fi i5 jà sí. Mo yí i padà wo: i7-7500U. Core 2, thread 4. Mo sọ fún un pé ọmọ odó méjì lòun náà ní, pé níbi fídíò, i5 ọmọ yìí á fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Kò gbà. N kò bá a jà. Lẹ́tà U tó wà lẹ́yìn (àmì prósẹ́sọ̀ láptọ́ọ̀pù tí kì í jẹ iná púpọ̀) àti nọ́ńbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn àmì dáàṣì (tó ń sọ ìran) ni mo máa ń wò kí n tó wo i3, i5 tàbí i7. Láàárín ìran keje sí ìkẹjọ ni i5 àti i7 ẹbí U fi kúrò ní core méjì bọ́ sí mẹ́rin, i5 tó wà lódìkejì odò yẹn sì ń na i7 tó kù sí ìhín.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo ní láti bá Tíṣà sọ, inú mi kò sì dùn sí i. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti fòpin sí ìtọ́jú Windows 10. Windows 11 wá, ìran kẹjọ ni orúkọ Intel ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé wọn, yàtọ̀ sí díẹ̀ péré. 8250U wà níbẹ̀, 6300U kò sí. Kì í ṣe pé 6300U kò lágbára tó láti gbé e, ìlà ni wọ́n fà, ó sì bọ́ sí òdìkejì. Àwọn kan ń fi ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ gbé Windows 11 lé irú rẹ̀. Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún máàkì àwọn ọmọ iléèwé lórí ìyẹn. Mo fi Linux Mint hàn wọ́n láti orí fláàṣì, pẹ̀lú LibreOffice tó ṣí Excel wọn láìsí wàhálà. Wọ́n tẹ ẹ síhìn-ín, wọ́n tẹ ẹ sọ́hùn-ún.

"Ṣé ó ní ibi tí wọ́n ti ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀?"

Mo fi ìtẹ̀wé Yorùbá inú rẹ̀ hàn wọ́n. Wọ́n kọ orúkọ ara wọn pẹ̀lú gbogbo àmì tó yẹ kó ní, wọ́n tún un kà, wọ́n ní àwọn á ronú sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e

Ọmọ náà san owó ṣájà àti ti iṣẹ́. Àáyá mẹ́wàá ọjọ́ Ẹtì yẹn, n kò gba owó rẹ̀. Tíṣà ní àwọn kò rán mi níṣẹ́ pé kí n tú ẹ̀rọ àwọn, pé àwọn kò ní san owó pésìtì. Mo ní kò burú, sà.

Ní ọ̀sán, ọmọ náà padà wá. Ó ní òun ti gé ìgbéyàwó kan láàárọ̀, ogún ìṣẹ́jú ó lé díẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́tàlá ló gbà, òun kò sì ráyè se ìrẹsì. Ó gbé àpò kan kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Isu márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Tíṣà ló fi rán an, wọ́n ní kí n wá ẹni tó máa bá mi gún un, ẹni méjì tàbí mẹ́rin, èyí tó bá wù mí.